Orúkọ Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Nínú Bíbélì

Aránṣọ kan já Bíbélì gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, inú ìwé yìí náà ni Ọlọ́run ti kábàámọ̀ pé òun fi Sọ́ọ̀lù jọba!"

Ọdún kan rèé tí ọkọ rẹ̀ ti lé Ìbídùn, ọmọbìnrin wọn, jáde nítorí ó fẹ́ Mùsùlùmí, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

"Orí kan náà ló ní Ọlọ́run kì í ronú pìwà dà," ni ọkọ fèsì. "Ẹni tó mọ òpin láti ìbẹ̀rẹ̀! Èmi náà ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

"Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó dùn ún. Ìjọba pàápàá ti yí ìrìn mọ́tò láti ọwọ́ òsì sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yin nìkan lẹ ò yí! Òní ni wọ́n ń sọ ọmọ Ìbídùn lórúkọ, mo sì ń lọ. Orúkọ rẹ̀ tí ẹ pa rẹ́ níbí, màá tún un kọ."

Ó mú báírò, ó ṣí iwájú Bíbélì níbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ìlà dúdú ṣì wà lórí orúkọ Ìbídùn. Lábẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti tún orúkọ náà kọ gàdàgbà, ó sì kọ ọjọ́ sí i: ọjọ́ kejì ọjọ́ tó lé e jáde.