Ampilifáyà Tí Kì Í Gbóná

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ti jókòó, Àbúrò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Àpótí ohùn kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti de ìdérí rẹ̀ dan-in dan-in, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn àpótí yòókù ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù níta. Dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Àbúrò ló ń fi òjé gbígbóná lẹ wáyà inú àpótí pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ ètò kọ̀ǹpútà Línúsì tí ó ń darí ampilifáyà inú rẹ̀, èyí tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Oníbàárà, obìnrin àgbà tí ó ń bójú tó ilé àwọn arúgbó, fẹ́ gbé àwọn àpótí náà kọ́ sókè orí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ike ọ̀kan yọ́ níbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Àbúrò ní ampilifáyà ló gbóná jù, tí ètò kò sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òjé Àbúrò ni. Wọ́n bá fi àdéhùn sí i: bí ètò bá dáhùn dáadáa lójú oníbàárà, Àbúrò á kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, bí kò bá dáhùn dáadáa, ọkọ̀ kò ní gbéra.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé àbúrò mi, Ìyá Ìfura yìí, ò tíì fi ẹjọ́ dí yín létí?"

"Ó ṣe mí lálejò dáadáa."

"Ẹ má bínú sí i. Ọwọ́ ló fi ń ronú."

Àbúrò ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fa àga sídìí kọ̀ǹpútà. Kò fọwọ́ kan àpótí. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà ló ń fọwọ́ kan nǹkan.

"Kí ni ìjà yín gan-an?" oníbàárà bèèrè. "Sọ ọ́ bí ẹni ń bá arúgbó sọ̀rọ̀."

"Ampilifáyà ní ihò kéékèèké tí nọ́ńbà ń wà nínú wọn, rẹ́jísítà là ń pè wọ́n. Bí ohùn ṣe ga tó wà nínú ọ̀kan, ooru ara rẹ̀ wà nínú òmíràn. Ètò mi ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà, kí ó má baà máa sáré lọ bi í léèrè ṣáá. Ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá."

"Bọ̀dá mi, bí ohùn ṣe ga tó, àwa la yàn án, a lè rántí ìyẹn," ni Àbúrò wí. "Ooru, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ máa bi í."

"Ẹ gbọ́ ọ, Màmá. Ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D ló fẹ́ máa kọ́ mi níwèé."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. "Jí ampilifáyà náà ná. Wọ́n ní ó ń sùn."

"Láti àná ni." Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì. "Ó ti jí."

"Kò ráhùn?"

"Kí ló fẹ́ máa ráhùn sí? Ètò mi kì í yọ ọ́ lẹ́nu."

"Sọ fún un kí ohùn lọ sókè pátápátá."

"Ó ti lọ."

"Ooru ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ara ọmọ tuntun gbóná jù ú lọ."

Níta, dẹ́rẹ́bà tún fọn fèrè.

"Tún bi í."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Màmá, ampilifáyà tèmi kì í làágùn."

"Ṣé a ò ní gbọ́ ohùn kankan?"

"Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ohùn ń gbà jáde ti wà nínú ọkọ̀. Kí tilẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe? Etí máa ń tan ni jẹ. Nọ́ńbà kì í tan ni."

Oníbàárà wo Àbúrò. Àbúrò wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rí i, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ìwọ náà bi í, Ìyá Ìfura. Ohunkóhun tó bá wù ẹ́."

"Ẹ bá mi bi í bóyá ara rẹ̀ le."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi í."

"O ò gbọ́ ni? Ara rẹ̀ le! Àbí kí n fi orin kọ ọ́ fún ẹ?"

"Ó tó, Bọ̀dá mi. Mo ti gbọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù dà?"

Àbúrò yọ ọ́ lápò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ju kọ́kọ́rọ́ náà sókè, ó hán an.

"Màmá, ẹ rí ohun tí mo ń bá gbé? Ẹni tí nǹkan wà níwájú rẹ̀ gbalaja tí kò rí i." Ó ti dìde, ó ń lọ sójú fèrèsé láti juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà.

"Má tíì jẹ́ kó gbéra," ni oníbàárà wí. "Ìbéèrè kan ló kù, ọmọ mi. Bi ampilifáyà bóyá ó wà níbẹ̀."

"Ibo ló fẹ́ lọ?" Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó padà wá, kò tilẹ̀ jókòó. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. "Ó ní òun wà níbẹ̀ digbí. Inú yín dùn báyìí?"

Oníbàárà mi orí, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì gbé ampilifáyà náà kalẹ̀ níwájú Ẹ̀gbọ́n, èyí tí òun àti Àbúrò ti jọ tú kúrò nínú àpótí kí Ẹ̀gbọ́n tó wọlé.