Igi Píìṣì Kúkúrú Tó Wà Níwájú Fèrèsé Màmá

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá àgbàlagbà nílé.

1.
Onígbàjámọ̀ kan wà tó kúrú. Ìdajì làwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, torí pé orí àpótí ló máa ń dúró sí kó tó lè gẹ irun ẹni tó bá ga. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ eegun.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá kò gbé wọn mọ́, orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Omi, oúnjẹ, aṣọ, ẹlòmíì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, Màmá ní kí ọmọ òun gbin igi píìṣì, igi eléso òyìnbó kan, síwájú fèrèsé, irú èyí tí kì í ga ju ènìyàn lọ.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a fún mi," ni Màmá wí. "Mo fẹ́ na ọwọ́ ara mi síta, kí n já ọ̀kan jẹ kí n tó lọ."

Ìyàwó onígbàjámọ̀ ló lọ ra igi náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀ ló wá ṣe fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, igi méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ wo kókó yìí nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Èyí tó wà lókè ló ń so èso dídùn, òun náà ni kì í ga. Ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ kókó, igi kejì nìyẹn, ẹ gé e dànù."

"Mo ti gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Gbígbọ́ náà ló gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

2.
Onígbàjámọ̀ gbin igi náà, ó sì fìdí múlẹ̀. Màmá fúnra wọn ló ń bomi rin ín, wọ́n á na ike omi gba ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó tanná. Kò tíì so, torí ó ṣì kéré, ṣùgbọ́n Màmá ní kò sí wàhálà, òun ń dúró.

Wẹ́dà kan, ẹni tó ń jó irin, tó ń gbé lódìkejì ògiri ló yọjú lọ́jọ́ kan, tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìdajì! Ìwọ kúrú, igi rẹ náà tún kúrú! Àbí ẹ̀yin méjèèjì jọ tan ni?"

Onígbàjámọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi àáké kọ́rí pé igi òun á ga ju ògiri wẹ́dà lọ.

3.
Kò pẹ́, ọ̀mùnú kan, ẹ̀ka tuntun, yọ lábẹ́ kókó. Ó sanra, ó nà ṣánṣán, ojoojúmọ́ ló ń ga sí i. Ìyàwó rẹ̀ rí i.

"Bàbá ọmọ mi, abẹ́ kókó lèyí ti wá o."

"Ṣé kì í ṣe ara igi kan náà ni? Fi mí sílẹ̀ jàre."

Màmá kò lè rí ìdí igi láti orí àga. Ewé tó wà níwájú wọn nìkan ni wọ́n ń rí, ó sì ti ń rọ.

"Ọmọ mi, ṣé ò ń gé èyí tó ń hù nísàlẹ̀?"

"Mo ti gé e, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Irọ́ ni! Ṣé ẹ rí bí ìgbéraga ṣe ń sọ èèyàn di òpùrọ́ níwájú ìyá tó bí i? Kì í ṣe pé kò gé ọ̀mùnú náà nìkan. Ó tún mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gẹrun, ó fi gé lára àwọn ẹ̀ka kúkúrú tó wà lókè kókó, kí èyí tó ń ga lè rí oòrùn.

4.
Igi náà ga lóòótọ́, ó kọjá òrùlé. Onígbàjámọ̀ pe wẹ́dà síta.

"Wò ó dáadáa! Ta ló kúrú báyìí?"

Wẹ́dà gbọ́wọ́ sókè, ó ní òun gbà. Ìdajì wú bí búrẹ́dì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n apá tó wà níwájú fèrèsé ti gbẹ, torí èyí tó wá láti ìsàlẹ̀ ti mu gbogbo omi tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àsìkò èso tó, Màmá na ọwọ́ síta. Igi gbígbẹ lọwọ́ wọn bà. Lókè téńté ni èso wà. Onígbàjámọ̀ gbé àkàbà, ó já ọ̀kan wá. Ó kéré, ó sì le. Màmá gé e jẹ, ojú wọn sì fún pọ̀, torí ó korò.

"Ọmọ mi, o ò gé e."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Èmi ni mo ní kó kúrú, kí ọwọ́ mi lè tó o. Kí ló kan wẹ́dà níbẹ̀?" Màmá gbé èso náà sílẹ̀. "Dìde. Lọ gbin òmíì. Màá dúró dè é."

5.
Ó hú igi gíga náà, ó gbin òmíì. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń kúnlẹ̀ wo abẹ́ kókó. Ohun tó bá yọ níbẹ̀, ó ń já a dànù. Wẹ́dà tún rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè wò ó.

Màmá ń bomi rin ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọmọ wọn á dúró síta, wọ́n á jọ di ike omi náà mú. Òdòdó ṣì wà lórí igi nígbà tí Màmá jáde láyé.

Èso àkọ́kọ́ pọ́n níwájú fèrèsé, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè tó. Onígbàjámọ̀ jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ síta, ó já a, ó sì gé e jẹ. Ó dùn. Ó fi èyí tó kù sílẹ̀ lórí ojú fèrèsé, ó sì sunkún títí ìyàwó rẹ̀ fi wá fà á dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má torí ẹ̀rín aládùúgbò ba ohun tí ẹni tó fẹ́ràn yín ń fojú sọ́nà fún. Ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gé, ẹ gé e nígbà tó ṣì rọ̀. Bí ìyá yín bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Onígbàjámọ̀ rí igi mìíràn gbìn, kò rí ìyá mìíràn tó máa já èso rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ìyá rẹ̀ ṣì ń dúró dè é.