Wọ́n Ń Jó Nítorí Rùkáyàt

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ wá gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọdún 1981 ló ṣẹlẹ̀, lọ́nà Ajah níbí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀.

Sìmbíátù, obìnrin ará Lakowe tó ń yan ẹja tà, bí ọmọbìnrin kan, Rùkáyàt, ọmọ ọdún mẹ́fà. Jẹjẹrẹ mú ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, kò lè jẹun mọ́. Ìyá gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Èkó, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Irun orí rẹ̀ re dànù, ṣùgbọ́n ó ti ń mu ẹ̀kọ, ó tún ti ń bá ìyá rẹ̀ jà nítorí ẹja. Ó ku abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́n gógó ni oògùn náà, ọwọ́ ìyá sì ti gbẹ.

Dókítà kìlọ̀ fún un. "Ìyá Rùkáyàt, abẹ́rẹ́ yìí ń pa àìsàn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ara ọmọ di ẹlẹgẹ́. Ẹ má gbé e wọ àárín èrò o. Ẹni tó ń wúkọ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan lẹ́bàá Ajah gbọ́ sí i. Ohun tí wọ́n dá lábàá dára, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n ní àwọn máa jó fún wákàtí méjìlá gbáko, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jókòó, ó ti bọ́ nìyẹn. Ará ìlú á máa dáwó fún àwọn tó bá ṣì wà lórí ìdúró, wọn á sì fi ra oògùn fún Rùkáyàt àti ọmọ mẹ́ta míì tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Gàníyù Odùbánjọ ni olórí wọn. Ó mọ ijó jó, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àtẹ́wọ́ ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, òun àti Mùínàt, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ bá Sìmbíátù nílé. Gàníyù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A fẹ́ kí ẹ gbé Rùkáyàt wá lọ́jọ́ ijó. Bí àwọn èèyàn bá fojú ara wọn rí i, àánú á ṣe wọ́n."

"Tíṣà, dókítà ní kí n má gbé e wọ àárín èrò."

"Ọjọ́ kan péré, mà! Kí lọjọ́ kan fẹ́ ṣe?"

Mùínàt fà á láṣọ. "Gàníyù, dókítà mọ ohun tó ń sọ. Jẹ́ ká ya fọ́tò ọmọ yìí, ká gbé e sórí tábìlì. Ó tó."

"Fọ́tò kẹ̀! Oníwèé ìròyìn ń bọ̀, o ní fọ́tò. Ṣé fọ́tò ni wọ́n máa wá ya ní fọ́tò?" Ó yíjú sí ìyá. "Mà, àwa fẹ́ jó títí ẹsẹ̀ wa á fi wú. Bí ẹ ò bá gbé e wá, wọ́n á ní irọ́ la pa."

Ẹ gbọ́, kí ni kí obìnrin náà sọ? Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ẹni là, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀ kó ní rárá? Ó gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń ké, yanrìn ń fò, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sójú agbo. Kó tó di ọ̀sán, bàtà ti já lẹ́sẹ̀ àwọn kan, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán jó lórí yanrìn gbígbóná. Wọ́n gbìyànjú, mo kan sáárá sí wọn. Rùkáyàt jókòó níwájú, fìlà bo orí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń lé àwọn èèyàn sẹ́yìn.

Gàníyù wá rí i pé owó ò wọlé bí òun ṣe rò ó. Ó sáré lọ gbé ọmọ náà, ó ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó jó wọ àárín èrò.

"Òun rèé o! Òun là ń jó fún! Ẹ wá náwó fún un!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí a bá ń náwó fún èèyàn, iwájú orí la ń lẹ ẹ́ mọ́. Ẹlòmíràn á fi itọ́ sí náírà kó lè lẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọmọ tí dókítà ní kí wọ́n má gbé wọ àárín èrò! Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń ṣàdúà. Bàbá kan tí ikọ́ ń dà láàmú gbá a mọ́ àyà, ó sunkún, ó wúkọ́ sí i lójú. Ẹni ire ni bàbá náà o. Gbogbo wọn lẹni ire, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi!" Sìmbíátù ń pariwo, orin sì bo ohùn rẹ̀. Mùínàt ló fi ijó sílẹ̀, tó já wọ àárín èrò, tó gba ọmọ náà jáde.

Gàníyù kanra mọ́ ọn. "O ò bá jẹ́ kí wọ́n náwó tán!"

Lọ́jọ́ kẹta, ikọ́ dé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara ọmọ ń gbóná janjan. Wọ́n sáré gbé e lọ sí Èkó, dókítà wò ó títí, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ta ló gbé e wọ àárín èrò?" Rùkáyàt ò rí ọjọ́ kẹjọ. Kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ ló pa á. Háà! Jẹjẹrẹ ti ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ín, Gàníyù dé pẹ̀lú oògùn. Owó ijó pé, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Kò tíì gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ látòkèèrè, àfìgbà tó rí àwọn obìnrin lórí ẹní. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Sìmbíátù ò bú u. Ó gba oògùn náà, ó wò ó, ó tún dá a padà fún un.

"Tíṣà, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kí wọn. Ẹ fi rán ẹlòmíràn."

Gàníyù ò padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàánú, ẹ má ṣíwọ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í ṣe ohun àfihàn. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ léèrè ohun tó yẹ aláìsàn, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ. Ẹ̀yin ìyá, bí dókítà bá ní rárá, kí ẹ̀yin náà ní rárá, oore yòówù kí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.