Bí Táyé Ìbá Ṣe Dàgbà

Àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń mú rìn niṣẹ́ Àkíbù, ó sì dá a lójú pé ní gbogbo Accra, òun nìkan ló mọ ohun tí ọjọ́ ń fi ara ọmọ èèyàn ṣe. Ilé àfihàn kan fẹ́ yan iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ sí òkè òkun. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fo tirẹ̀ kọjá. Bàbá rẹ̀ ti búra pé bí wọ́n bá tún fò ó lọ́tẹ̀ yìí, eré ọmọdé parí nìyẹn, kó wá jókòó ti ìsọ̀ òun ní Circle.

Inú yàrá Ìyá Ìbejì, àgbà Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Accra, tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Kantamanto, ni Àkíbù ti rí ohun tó ń wá. Fọ́tò àtijọ́ kan wà lára ògiri: ọmọkùnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, eyín iwájú kan náà ló yọ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n ní Táyé ti kú. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́hìndé ti lé ní ogójì ọdún, ó ń kun mọ́tò ní Abossey Okai, ọ̀dà sì ti sọ ọ́ di oníkọ́. Àkíbù ní òun yóò mú àwọn méjèèjì dàgbà lójú ayé, èyí tó kù àti èyí tó lọ, títí wọn yóò fi hewú.

“Ọmọ mi, fọ́tò yẹn,” ni Ìyá Ìbejì wí, “onífọ́tò tó yà á fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́—”

“Ẹ fi onífọ́tò sílẹ̀, Màmá. Ohun tí kọ̀ǹpútà mi ń rí, kò yé irú wọn.”

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. Kẹ́hìndé fẹ́ la ẹnu, ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́, ó sì já fọ́tò náà fún Àkíbù.

Oṣù méjì ló fi ṣiṣẹ́. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín àwọn ọmọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ìwà ọ̀bùn onífọ́tò oko ni, ó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ àfihàn, àwọn ọmọ náà dìde lórí bẹ́ǹṣì, eegun wọn gùn, irùngbọ̀n hù, ewú dé. Táyé nàró bí adájọ́. Kẹ́hìndé tẹ̀, ó ń wúkọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Fọlákẹ́, obìnrin tó wá yan iṣẹ́, béèrè ìdí tí àwọn méjèèjì fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

“Ojú wọn nínú fọ́tò ni mo ti rí i,” ni Àkíbù dáhùn. “Ti Táyé, ojú ọlọ́gbọ́n ni. Ti Kẹ́hìndé, láti kékeré ló ti gọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́: kì í ṣe èyí tó yẹ kó kú ló kú.”

Kẹ́hìndé, tó jókòó níwájú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tẹrí ba. Fọlákẹ́ yíjú sí ìyá àgbà, ó ní ṣé bí Táyé ṣe rí nìyẹn lóòótọ́.

“Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni Táyé nígbà tó kú,” ni Ìyá Ìbejì wí, “Kẹ́hìndé yìí náà ni onífọ́tò gbé jókòó sápá ọ̀tún, tó tún gbé jókòó sápá òsì, kí ìbejì má baà dá nìkan wà nínú fọ́tò.”