Táyà Yìnyín ní Ìjerò

Nígbà tí oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀, Fẹ́rànmí pe bàbá rẹ̀ ní Ìjerò láti Kánádà. Nígbà tí wọ́n kí ara wọn tán, ó mẹ́nu bà á pé yìnyín ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, àti pé àwọn fẹ́ ra táyà ìgbà òtútù pẹ̀lú ríìmù rẹ̀ fún ọkọ̀, ọkọ̀ tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé iná ni wọ́n ń fi sí bátìrì rẹ̀. Kò béèrè ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bàbá náà, Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí tí kò ní ìmọ̀ràn fún. Ó ní kí ọmọ náà má ra nǹkan kan títí òun yóò fi ṣe ìwádìí.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Fọkanáísà ní òun ti rí táyà bẹ́ẹ̀ rí láàárín àwọn tòkunbọ̀. Ìṣó kéékèèké yọ lára rẹ̀ yíká. Òun fi pínsà fa gbogbo rẹ̀ yọ kí òun tó tà á, nítorí òun rò pé ojú ọ̀nà ni ìṣó náà ti gún un. Dúrótoyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pe Kánádà lójú ẹsẹ̀. Táyà oníṣòó ni kí wọ́n rà, kí ríìmù rẹ̀ sì tóbi, kí ojú má bàa ti ìdílé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Naomi bá bàbá tirẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbá rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Dúrótoyè. Kánádà ni Naomi náà wà, òun náà sì ń wa ọkọ̀ tí kì í mu epo.

Akíntúndé ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀nà. Kò lọ bá fọkanáísà kankan. Ó ra yìnyín ńlá kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹja inú fìríìsà, ó gbé e sí iwájú ilé, ó sì wọ sìlípáàsì onírọ́bà gun orí rẹ̀. Kò ṣubú. Ó bọ́ sìlípáàsì, ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù tó ní eyín lábẹ́, ó tún gun yìnyín náà. Ìdí ló fi balẹ̀. Láti orí ibi tó jókòó sí ni ó ti pe Naomi pé kò gbọdọ̀ ra táyà tó ní ìṣó. Rọ́bà tó rọ̀ ni kó rà, pẹ̀lú ríìmù kékeré, nítorí ríìmù ńlá máa ń jẹ bátìrì.

Dúrótoyè rí gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò sọdá láti bá a kẹ́dùn. Láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù ti fi Akíntúndé jẹ Bàbá Ìjọ, nígbà tí Dúrótoyè ti rán aṣọ oyè sílẹ̀, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ sókè òkun, bàbá kọ̀ọ̀kan kìlọ̀ fún tirẹ̀ pé òun kò fẹ́ gbọ́ pé ó bá ọmọ iwájú ilé da nǹkan kan pọ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ táyà wá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, Dúrótoyè ní ẹni tó bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gun yìnyín láìsí ìṣó kò fẹ́ràn ọmọ náà. Akíntúndé ní àwọn tó ń wá ojú ayé ló ń ra ríìmù ńlá. Àlùfáà gbàdúrà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún táyà gbogbo ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun, ó sì ní kí wọ́n ṣí orin ìparí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Dúrótoyè rí fídíò ọkọ̀ kan tó ń yọ̀ lórí yìnyín títí tó fi lọ kọlu ògiri. Ó gbé fóònù, ó pe Kánádà.

“Fẹ́rànmí, mo bẹ̀ ọ́,” ó wí. “Má fi ti ìṣó yẹn ṣeré. Ìwọ nìkan ni mo ní.”

“A ti gbọ́ yín, sà,” ni Fẹ́rànmí dáhùn. “A ó jọ gbé e yẹ̀ wò.”

Dúrótoyè sọ fún Eunice, ìyàwó rẹ̀, pé iṣẹ́ òyìnbó ti kọ́ ọmọ yìí láti máa pe ara rẹ̀ ní “a” bí ìgbìmọ̀. Eunice ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbé orí sókè.

“Ẹ fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀, Bàbá Fẹ́rànmí,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn.”

Kí oṣù náà tó parí, táyà ti dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Dúrótoyè bọ́ síwájú ìjọ, ó dúpẹ́ pé ọmọ òun ti ra oníṣòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akíntúndé dìde, tó ṣì ń tiro díẹ̀, ó dúpẹ́ pé ọmọ òun ti ra ríìmù kékeré. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn fi ìdajì ìmọ̀ràn rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kò tẹ̀ lé pamọ́. Nígbà tí wọ́n délé, ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá kọ̀ọ̀kan bá ìyàwó rẹ̀ sọ: aláìmọ̀kan kan wà ní Kánádà tó ń ba ìmọ̀ràn òun jẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, Fẹ́rànmí wa ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé wọn jáde, Naomi ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, ó ń bi í pé nínú bàbá wọn méjèèjì, èwo ni kí àwọn kọ́kọ́ sọ fún pé ó ti di bàbá àgbà.