Òbúkọ Tó Tẹ̀lé Jìnádù

Ó ku wákàtí kan kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ ìjìyà Jìnádù pé. Dípò kóòtù, òbúkọ Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ tó jí ni wọ́n ní kó máa sìn, ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ. Àyà rẹ̀ ń lù bí odó tí wọ́n fi ń gúnyán fún gbogbo Ìbàdàn. Ó da koríko sílẹ̀, ó yára jáde nínú ọgbà Ìyá. Òbúkọ tẹ̀lé e.

“Padà, jọ̀ọ́!”

Ó sáré, òbúkọ sáré. Bí wọ́n ṣe jọ kọjá géètì, ẹ̀gbà ọwọ́ figbe ta, òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ jí ní ibojì: “Olè! Ó tún gbé e! Ìyá, ṣé kóòtù yá?”

Ìyá sáré jáde. Jìnádù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. “Ìyá, ẹ gbà mí!”

Ìyá wo òbúkọ tó ń lá Jìnádù létí, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbà, panu mọ́. Ẹran ló jí olè gbé lónìí.”