Mọ́tò Bàbá Onítírélà

Tẹ́sítà ló ń ròyìn ohun tójú ẹ̀ rí. Wọ́n gbé omi fún un, ìdajì ẹ̀ ló dà sí ṣòkòtò.

Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ló ń ṣe. Torí pé tẹ́sítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ iná wò, kì í kúrò lápò ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bá ọ̀gá ẹ̀ ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ burúkú ò sì jáde lẹ́nu ọ̀gá sí i rí, àfi lórí mọ́tò kan ṣoṣo.

“Mọ́tò Bàbá Onítírélà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án,” lọ̀gá máa ń wí. “Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó máa di ẹrù ẹ̀.”

Bàbá yìí wa tírélà fún ogójì ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré tiẹ̀ ló jóná, ọ̀gá wá fi òmíràn sí i, èyí tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, irú èyí tí èèyàn máa ń fi láǹtọ́ọ̀pù tò fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Mọ́tò á ṣíná, á dúró jẹ́ẹ́, á máa kùn bí oyin. Bí wọ́n bá ti wá tẹ̀ ẹ́ kó sáré báyìí, pá! Ó ti kú. Oṣù márùn-ún rèé, ọ̀gá ní òun ṣì ń wá ohun tó ń ṣe é.

Láràárọ̀ ni ọmọ Bàbá, obìnrin, máa ń já a sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ síbi iṣẹ́ tiẹ̀. Bàbá á wọnú mọ́tò, á gbé ọwọ́ lé sítíárì, á jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán.

Lọ́jọ́ yìí, ọ̀gá ti rìnrìn-àjò lọ ra ọjà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni o, Bàbá. Ẹ káàárọ̀.”

“Tẹ́sítà! Ọ̀gá ẹ ńkọ́?”

“Ó di ọ̀la kí wọ́n tó dé.”

Bàbá ń fọwọ́ pa ara mọ́tò bí ẹni ń fọwọ́ ra ẹṣin lára, títí ó fi kan ilẹ̀kùn.

“Àbúrò mi ń kú lọ,” ó ní. “Ó ní èmi lòun fẹ́ rí. Ọmọ mi ní ó di ọjọ́ Àìkú kóun tó ráyè gbé mi lọ. Ikú mọ ọjọ́ Àìkú ni? Ìrìn wákàtí mẹ́ta péré. Bá mi wò ó.”

“Bàbá, ọ̀gá á lé mi dànù.”

“Ọ̀gá ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Àbí ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Tẹ́sítà ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó ti pẹ́ tóun náà ti ń rò ó pé ọ̀gá ò mọ láǹtọ́ọ̀pù lò, ìtìjú ni ò jẹ́ kó sọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó so láǹtọ́ọ̀pù mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì.

Irin róbótó eléyín kan wà lára ẹ́ńjìnnì, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ló ń ka eyín yẹn bó ṣe ń yí, tó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Níbì kan, eyín méjì ò sí. Àlàfo yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé. Tẹ́sítà pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Pá! Ó kú. Ó sún un mọ́ irin. Pá! Ó wò ó bóyá iná púlọ́ọ̀gì ló ń kó wọnú wáyà. Rárá. Ìgbà tó wá tọ wáyà dé ìdí kọ̀ǹpútà ló rí i: wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, funfun àti dúdú, ti gba ipò ara wọn. Òdìkejì ni kọ̀ǹpútà ń kà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, á ṣì máa fi ọgbọ́n gbé e. Bó bá sáré, àlàfo á sọnù mọ́ ọn lójú. Wọ́n tiẹ̀ fi òjé jó àwọn wáyà náà pọ̀ dáadáa, wọ́n fi rọ́bà dì í wínníwínní.

Àṣìṣe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá. Tẹ́sítà rẹ́rìn-ín sínú.

Ó yí wọn padà, ó ṣíná, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Mọ́tò ké, kò kú. Bàbá dẹtí sí i, omi lé sí i lójú.

“Ẹ wá wo bí ìlà tí sẹ́ńsọ̀ ń yà ṣe tọ́ nínú láǹtọ́ọ̀pù, Bàbá.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. “Ó dára gan-an.”

Nígbà tí Tẹ́sítà máa yíjú sí i, bátìrì láǹtọ́ọ̀pù ti tán, ojú láǹtọ́ọ̀pù ti dúdú, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó pa ẹ̀rín mọ́nú. Gbogbo oníbàárà ló máa ń ṣe bí ẹni tó yé. Ó pa iná mọ́tò, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

“Kí n kọ́kọ́ wà á dán wò fún yín?”

“O ò gbọ́ ohùn ẹ̀ ni? Awakọ̀ gidi, etí ló fi ń wakọ̀.”

Bàbá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó dúró títí Tẹ́sítà fi gbé kọ́kọ́rọ́ lé e. Ó wọlé, ó ní kí Tẹ́sítà júwe fóun jáde.

“Ṣé títì mọ́?”

“Ó mọ́! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ yí i sọ́tùn-ún. Ẹ bá wa kí àbúrò yín o!”

Mọ́tò bọ́ sí títì, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí fóònù dún. Ọ̀gá ni.

“Ta ló fọwọ́ kan mọ́tò Bàbá?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ti rí i! Wáyà méjì ni wọ́n yí síra wọn.”

Ọ̀gá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ẹnì kan rí Bàbá tó ń wa mọ́tò lójú títì, ó pe ọmọ ẹ̀,” ọ̀gá ní. “Ọmọ ẹ̀ pè mí, ó ń ké. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ, kò sì ní fi ọwọ́ lásán bọ̀. Ti ilẹ̀kùn. Jókòó kó o tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.”

Tẹ́sítà fi irin há ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí táyà kan, fóònù létí.

“Èmi ni mo yí wáyà yẹn,” lọ̀gá wí, “torí kò sẹ́ni tó lè lanu sọ fún awakọ̀ ogójì ọdún pé ojú ẹ̀ méjèèjì ti fọ́.”